Máíkírówéèfù: Ibi Tí Ewu Rẹ̀ Wà Gan-an

Bí máíkírówéèfù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní kíṣìnì, àwọn kan á ti kọjá sí pálọ̀. Aboyún á ní òun ò dúró sítòsí rẹ̀, bàbá àgbà á ní ẹ̀rọ tó ń fa jẹjẹrẹ ni. Tó bá wá dún "pìì", ẹni tó sá náà ló máa padà wá fọwọ́ lásán gbé ike áísìkirímù tí ọbẹ̀ epo ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde, á sì jókòó ti ìrẹsì tó ń jó ẹnu létí abọ́, tó tutù bí omi fíríìjì láàárín. Ewu wà nínú lílo ẹ̀rọ yìí lóòótọ́, àmọ́ kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń sá fún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà

Ìbátan ìgbì rédíò ni ìgbì tó ń gbé oúnjẹ gbóná. 2,450 MHz ni ìwọ̀n rẹ̀, àdúgbò kan náà sì ni òun àti Wi-Fi oní 2.4 GHz ń gbé. Ìdí nìyẹn tí fídíò orí fóònù fi lè máa há nígbà tí ẹnì kan bá ń gbé ọbẹ̀ gbóná ní kíṣìnì. Gígùn ìgbì kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Kò ní irú agbára tí X-ray ní láti fọ́ ohun tó wà nínú ara. Kó máa mi omi inú oúnjẹ ni gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀. Omi á gbóná, oúnjẹ á gbóná tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ bá ti kú, ìgbì ti tán nìyẹn, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tán nínú yàrá tá a bá pa gílóòbù. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù sínú oúnjẹ ju ooru lọ.

Percy Spencer, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Raytheon, ló kíyè sí i ní 1945 pé ṣokoléètì tó wà lápò òun yọ́ nígbà tí òun dúró ti ẹ̀yà rédà kan. Máíkírówéèfù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1947 ga tó mítà 1.8, ó sì wúwo ju 300 kílò lọ. Ọdún 1967 ni èyí tó ṣe é gbé lé orí kántà ilé wọ ọjà. Ẹ̀yà tó yọ́ ṣokoléètì yẹn, magnetron tó ń mú ìgbì jáde, òun náà ló ṣì wà nínú tilé yín.

Ẹ sún mọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lu ní ihò tíntìntín bí asẹ́ ògì. Ìmọ́lẹ̀ ráyè gba ibẹ̀, ló jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí abọ́ tó ń yí. Ìgbì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 ò ráyè gba ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ alórí lọ. Láti 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi ààlà sí i: ohun tó bá jò jáde ò gbọdọ̀ ju mílíwáàtì 5 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀rọ, títí ẹ̀rọ náà á fi gbó. Béèyàn bá tún sún sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n yẹn á já wálẹ̀ kíákíá. Kí aboyún máa se ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn ló sábà máa ń ba ààbò yìí jẹ́. Bó bá ti wọ́, tí gíláàsì rẹ̀ sán, tí ìdè rẹ̀ ń mì, tàbí tí etí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ jóná, ẹ má tan ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹ má fi aṣọ ìnuwọ́ há a, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé máa fi í rọ̀. Àwọn kan máa ń ti fóònù mọ́ inú rẹ̀ kí wọ́n lè pè é, tó bá dún wọ́n á ní ẹ̀rọ náà ń jò. Ìdánwò yẹn ò já mọ́ nǹkan kan: ìwọ̀nba agbára bíńtín ni fóònù nílò láti gbọ́ ìpè, ìgbì tirẹ̀ sì lè yàtọ̀ pátápátá sí ti máíkírówéèfù.

Abọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù

Irin kì í gba ìgbì yìí, ṣe ló máa ń dá a padà. Níbi tí irin bá ti mú ṣóńṣó, bí ẹnu fọ́ọ̀kì tàbí etí fóìlì tó rún, iná á máa ṣẹ́ pàràpàrà. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé a kì í gbé ìkòkò sínú máíkírówéèfù. Àwọn tó ń tan èèyàn jẹ ni mo fẹ́ dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni abọ́ funfun tó ní ìlà búlúù létí, tí wọ́n ya òdòdó sí lára, irú èyí tó kún kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ìyá wa. Ó ń dán bí àwo lásán, àmọ́ ẹ wo ibi tó ti họ: irin dúdú ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Ìkejì ni àwo tí wọ́n fa ìlà góòlù tàbí fàdákà sí létí. Irin ni ìlà náà, ìgbà kan ṣoṣo á jó o dúdú. Ẹ fi agolo mọ́ínmọ́ín kún un, àti fóìlì tí wọ́n fi bo jọ̀lọ́ọ̀fù tá a gbé bọ̀ láti òde ìnáwó, àti wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá búrẹ́dì. Mọ́ínmọ́ín eléwé ò ní wàhálà.

Ike ló kàn. Ẹ dojú rẹ̀ dé kẹ́ ẹ wo ìdí. Tí wọ́n bá kọ "microwave safe" sí i, ó dáa. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan lẹ rí nínú àmì onígun mẹ́ta, irú rọ́bà tó jẹ́ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ pé wọ́n fọwọ́ sí i fún iná. Nọ́ńbà 5 ló máa ń fara da ooru nínú wọn. Nọ́ńbà 6 ni take-away funfun tó fúyẹ́ bí fóòmù: ẹ da oúnjẹ inú rẹ̀ sínú àwo kó tó wọlé. Ike áísìkirímù àti ti bọ́tà, òtútù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀rá tí wọ́n pọ́n fùfú tàbí ẹ̀kọ sí náà, ẹ tú u kúrò.

Kí ló dé tí ike kan tó gbé ọ̀gì láìmọye ìgbà á fi bàjẹ́ lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀gúsí? Omi kì í sábà gbóná ju 100°C lọ kó tó di èéfín. Epo lè kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ibi tí epo pupa bá ti léfòó létí ike ni ike ti máa ń yọ́, tó máa ń ní àpá pupa hàǹràn-hanran tí ọṣẹ ò lè bó. Ohun tó kúrò lára ike yẹn wà nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ olépo, inú gíláàsì tó nípọn tàbí àwo amọ̀ tó ń dán ni kẹ́ ẹ ti gbé e gbóná.

Bí abọ́ kan bá rú yín lójú, tó sì dá yín lójú pé kò ní irin lára, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ lófìfo, kẹ́ ẹ gbé ife omi kan tì í. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan lágbára tó ga jù. Tómi bá gbóná tí abọ́ ṣì tutù, ó ṣe é lò. Tí abọ́ bá gbóná, á jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń gba ìgbì. Ẹ dá a padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ife omi yẹn ṣe pàtàkì, torí a kì í tan máíkírówéèfù láìsí oúnjẹ tàbí omi nínú rẹ̀. Bí ìgbì ò bá rí ohun tó máa gbà á, ara magnetron ni yóò padà sí, díẹ̀díẹ̀ lá sì máa sè é.

Gbígbé oúnjẹ gbóná kó dọ́gba

Wọ́n máa ń sọ pé máíkírówéèfù ń sè láti inú wá síta. Irọ́ ni. Ìgbì náà ò wọ inú oúnjẹ ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ; ohun tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ooru tó ń ti etí rìn wọlé ló ń mú un gbóná. Nínú àpótí náà pàápàá, ìgbì ń kọlu ìgbì, ibì kan á gbóná gan-an, ibòmíì á ṣaláìní. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwo tó ń yí.

Nítorí náà, ẹ má kó ìrẹsì jọ bí òkìtì. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ fi ṣíbí la ihò sáàárín rẹ̀ kó rí bí òrùka, kẹ́ ẹ wọ́n ṣíbí omi kan tàbí méjì sí i. Ẹ fi àwo bò ó láìdè é pa. Fún àwo oúnjẹ ẹnì kan nínú ẹ̀rọ oní 700W sí 800W, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó. Ẹ ṣí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún fún un ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá kú, ẹ jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú méjì. Inú ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ooru ń pín ara rẹ̀ kiri. Ẹran ńlá á wà létí àwo, èyí tó kéré á wà láàárín. Àmàlà tó ti le, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ fi omi ra á lára, ẹ bò ó.

Oúnjẹ àná gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C láàárín gbùngbùn. Tẹ́ ò bá ní tẹmómítà ìdáná, èéfín gbọ́dọ̀ máa rú láti àárín, kì í ṣe létí nìkan. Ti ìrẹsì tún yàtọ̀. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń la sísè já. Bí ìrẹsì bá wá sun orí tábìlì mọ́jú, kòkòrò náà á bí sí i, á sì tu májèlé tí ooru ò lè pa sínú rẹ̀. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbé irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ gbóná tó tí á fi dára. Kí wákàtí méjì tó kọjá lẹ́yìn sísè ni kó ti wà nínú fíríìjì.

Bọ́tìnì agbára tí ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn, ẹ yí i sí ìdajì lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn, tó dákẹ́ díẹ̀, tó tún kùn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, agbára ìgbì ò dín kù, ṣe ló ń tàn tó ń kú. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúlò gan-an fún ọbẹ̀ tó dì. Yìnyín kì í gba ìgbì bí omi ṣe ń gbà á. Kété tí etí ọbẹ̀ bá ti yọ́ di omi, omi yẹn á máa gba gbogbo agbára, á máa hó lórí yìnyín tó ṣì le bí òkúta láàárín. Agbára 30% ni kẹ́ ẹ fi yọ́ ọ, kẹ́ ẹ máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bó bá ti ń rọ̀, kẹ́ ẹ tó fi agbára kíkún parí rẹ̀.

Omi lásán tún ní ọ̀tẹ̀ tirẹ̀. Nínú ife tó mọ́ tó sì ń dán, omi lè gbóná kọjá 100°C láìhó, torí kò rí ibi tí ìfóòfó á ti bẹ̀rẹ̀. Á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ju ṣúgà tàbí báàgì tíì sí i ni gbogbo rẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ àti ojú ló sì ń bọ́ sí. Ẹ ki ṣíbí onígi sínú ife náà kó tó wọlé, ẹ má sì gbé e jáde lójú ẹsẹ̀ tó bá kú.

Ẹyin, ìbáà ní èèpo ìbáà jẹ́ bíbọ̀ tá a ti bó, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lódidi. Ó lè má bẹ́ nínú ẹ̀rọ kó wá bẹ́ lẹ́nu ẹni tó gé e jẹ. Ọ̀dùnkún àti ẹja tó láwọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri. Ìgò oúnjẹ ọmọ, ẹ fi sínú abọ́ omi gbígbóná: máíkírówéèfù lè mú wàrà àárín ìgò gbóná débi tó máa bó ọmọ lẹ́nu, tí ara ìgò á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bí nǹkan bá gbiná nínú rẹ̀, gúgúrú ló sábà máa ń jẹ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn o. Afẹ́fẹ́ ni iná ń wá. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, kẹ́ ẹ dúró kí iná náà kú fúnra rẹ̀.

Iná mànàmáná tó ń jẹ

700W tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, èyí tó ń dé inú oúnjẹ nìyẹn. Ohun tó ń fà lára ògiri lè tó 1,100W tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó wà lára páálí kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí "I better pass my neighbour" fi máa ń kú fin-ín tí wọ́n bá tan án. Ínfátà oní 1.5 kVA lè gbé e tí ẹ bá pa áyọ́ọ̀nù àti pọ́ńpù, bátìrì á sì yára lọ. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ò tẹ̀ bí ti NEPA máa ń mú un kùn rara, oúnjẹ ò sì ní gbóná bó ṣe yẹ. Bí iná NEPA fúnra rẹ̀ bá ń rìn lọ́ọ́lọ̀ọ̀ ní 160 fóltì, bákan náà ló máa rí. Ẹ fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí fíríìjì àti kẹ́tùlù ti ń pín. Tẹ́ ò bá lò ó, ẹ pa á ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ariwo "Up NEPA!" lè bá fóltì tó ga rìn pọ̀, pátákó bọ́tìnì rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jó.

Ẹni tó ra oúnjẹ inú páálí láti Lọ́ńdọ̀nù á rí i pé 800W ni wọ́n sábà fi ṣírò àkókò. Ẹ sọ 800 di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò náà, kẹ́ ẹ fi agbára ẹ̀rọ tiyín pín in: ìṣẹ́jú 4 á di bí ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ nínú oní 700W.

Ó tún ń fẹ́ atẹ́gùn. Sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́yìn, bíi 20 lókè. Aṣọ léèsì tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ń dí ihò rẹ̀.

Ìmọ́tótó, àti ìgbà tó bá ṣàìsàn

Ẹ bu omi ife kan sínú abọ́, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fi ilẹ̀kùn pa fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí èéfín lè rọ gbogbo ohun tó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ lára iná, kẹ́ ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún. Irin ìfọkòkò á họ ọ̀dà inú rẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé etí ilẹ̀kùn, èérún tó gbẹ síbẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tì dáadáa. Ẹ fọ àwo tó ń yí àti táyà kékeré abẹ́ rẹ̀. Aáyán fẹ́ràn ooru ẹ̀yìn ojú bọ́tìnì. Bó bá wọlé, ìgbẹ́ rẹ̀ lè so wáyà méjì pọ̀, bọ́tìnì á máa tẹ ara rẹ̀.

Ẹ wo ògiri inú rẹ̀ lápá ọ̀tún. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó rí bíi páálí, tó ń dán díẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Máíkà nìyẹn, ẹnu ọ̀nà tí ìgbì ń gbà wọlé ló bò. Epo tó bá ta sí i á jóná di èédú, èédú ń gbé iná mànàmáná, iná á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lára ògiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irin nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á gbé e jù sílẹ̀. Máíkà tuntun wà lọ́jà ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ẹ yọ iná, ẹ fi ògbólógbòó rẹ̀ wọn tuntun, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ má lò ó láìsí máíkà.

Tó bá ń kùn, tó ń yí, tí oúnjẹ kò gbóná, ẹ wọn lítà omi kan sínú abọ́ gíláàsì, ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan gééré, ẹ rò ó, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Iye dígírì tó fi lé sí i, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 70. Dígírì 10 túmọ̀ sí 700W. Bí oní 700W bá fún yín ní dígírì 5, magnetron tàbí ẹ̀yà tó ń fún un lágbára ti ń lọ.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró o, ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀. Kápásítọ̀ inú rẹ̀ ń gbé fóltì tó ju 2,000 lọ, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ó ń pa èèyàn, títí kan ẹni tó ti tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fún ogún ọdún.

Ẹ̀tàn kan sì wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni tún ṣe. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní súìṣì kéékèèké, mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Méjì ń pa iná bẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn. Ìkẹta mọ̀ọ́mọ̀ ń jó fíúùsì bí àwọn méjì yẹn bá kọ̀ láti pa. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á rí fíúùsì tó jó, á fi wáyà so ó pọ̀, tàbí kó so súìṣì náà pọ̀ kó má bàa dà á láàmú mọ́. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, inú yín á dùn. Àmọ́ ẹ̀rọ tó lè máa tàn nígbà tílẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ gbà padà yẹn, ìgbì tí gbogbo èèyàn ń sá fún sì ti rọ́nà jáde. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé ife omi kan sínú rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan án. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa ilẹ̀kùn díẹ̀. Bí ìkùn rẹ̀ ò bá dá lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà.